Àkùkọ tí wọ́n dá lẹ́bi nítorí ẹyin: ohun tí àwọn ará àtijọ́ rí àti ohun tí a mọ̀ lónìí nípa adìẹ

Atọpinpin kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò fínnífínní. Ní ọdún 1474, ní ìlú Basel tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Swítsàlandì lónìí, wọ́n gbé àkùkọ kan lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó yé ẹyin, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì dáná sun òun àti ẹyin náà. Kì í ṣe àlọ́ ni mò ń pa, ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìtàn. Ìgbàgbọ́ wọn nígbà náà ni pé bí ẹyin àkùkọ bá fi lè pa, ejò abàmì kan tí wọ́n ń pè ní basilisk ni yóò jáde nínú rẹ̀, àti pé ẹni tí ejò náà bá ti wò lójú, ó tán fún onítọ̀hún nìyẹn.

Ìdájọ́ náà kọ́ ni ó ń jẹ mí lọ́kàn, bí kò ṣe ohun tí ojú wọn rí gan-an. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé gbogbo ìlú kàn dédé dìde sí adìẹ kan láìjẹ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ṣé àkùkọ lè yé ẹyin ni? Bí kò bá lè yé e, kí ni wọ́n rí? Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ irú ohun bẹ́ẹ̀ mìíràn nípa adìẹ, oúnjẹ tàbí ìṣẹ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.

Dókítà Ẹranko fèsì pé:

Ẹ kú ìbéèrè. Àkùkọ kò lè yé ẹyin, nítorí kò ní ilé ẹyin, kò sì ní ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n abo adìẹ lè yí padà títí ojú yóò fi máa pè é ní àkùkọ. Ilé ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú abo adìẹ, èyí tí ó wà ní apá òsì. Ti apá ọ̀tún kì í dàgbà, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Bí àìsàn tàbí kókó bá ba ti apá òsì jẹ́, họ́mónù tí ó ń mú kí adìẹ rí bí abo yóò dínkù, ti apá ọ̀tún lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà bíi kóró ẹpọ̀n akọ. Nígbà tí adìẹ náà bá pa ìyẹ́ dà, ìyẹ́ tuntun tí yóò hù yóò gùn, yóò sì máa dán bíi ti akọ. Ogbe orí rẹ̀ yóò tóbi, ohun ṣóńṣó tí àwọn akọ fi ń jà yóò yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, abo ni gbogbo ẹran ara rẹ̀ ṣì jẹ́. Lérò tèmi, adìẹ Basel náà jẹ́ abo tí irú àìsàn yìí ti yí ìrísí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n tí ilé ẹyin rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ tán. Ojú wọn kò parọ́ fún wọn rárá, ìtumọ̀ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n rí ni ó ṣìnà.

Ìyá Alágbébọ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ẹyin kékeré kan wà tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, èyí tí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, tí ó jẹ́ pé bí a bá fọ́ ọ, funfun nìkan ni a ó bá nínú rẹ̀, kò sí pupa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, àkùkọ ni wọ́n máa ń sọ pé ó yé irú ẹyin bẹ́ẹ̀. Àwọn adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni mo máa ń bá a lọ́dọ̀ wọn, ó sì tún máa ń wáyé bí nǹkan bá já wọ inú ọ̀nà ẹyin. Ọ̀nà ẹyin kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa ẹyin àti ẹran ara kékeré kan tí ó já bọ́. Ohunkóhun tí ó bá ti wọlé, yóò fi funfun wé e, yóò sì fi èèpo bò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ èèpo yẹn gan-an ni ó mú mi dúró. Báwo ni ara adìẹ ṣe ń ṣe ohun líle bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, tí ọjọ́ kejì yóò tún ṣe òmíràn? Níbo ni ó ti ń rí ohun tí ó fi ń mọ ọ́n?

Dókítà Ẹranko fèsì pé:

Ìbéèrè tí ó dùn mọ́ mi nínú jùlọ nìyí. Láti ìgbà tí pupa ẹyin bá ti já kúrò ní ilé ẹyin títí di ìgbà tí ẹyin yóò fi jáde, ó máa ń gba wákàtí 24 sí 26, nínú èyí tí nǹkan bí 20 jẹ́ ti èèpo nìkan. Èròjà kálíṣíọ́mù tí ó wà nínú ẹfun ilẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èèpo náà, àwọn ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí sì wà lára rẹ̀, láti nǹkan bí 7,000 dé 17,000, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Nǹkan bíi gíráàmù 2 kálíṣíọ́mù ni ẹyin kan ń gbà lára adìẹ, òru ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà sì ń wáyé, nígbà tí adìẹ ti sùn tí kò jẹun. Nítorí náà, egungun rẹ̀ ni ó ń yá lò. Nínú ihò egungun ẹsẹ̀ adìẹ tí ń yé, egungun pàtàkì kan máa ń hù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kó kálíṣíọ́mù pamọ́ de alẹ́. Akọ kì í ní i. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé àwọn rí irú egungun yìí nínú itan Tyrannosaurus rex kan, ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tí ó ti kú láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 68 sẹ́yìn, ohun tí ó fi hàn pé abo ni ẹranko náà àti pé ó ti ṣe tán láti yé ẹyin.

Èyí náà ni ó fà á tí èèpo ẹyin fi máa ń fẹ́lẹ́ nígbà ooru. Adìẹ kì í làágùn, mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Bí ó bá ti ń mí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó yẹ kí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa bá èémí lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ yìí wà lára ohun tí ara fi ń mọ èèpo. Ẹni tí ó bá rí ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ nígbà ooru, kí ó kọ́kọ́ wò bóyá omi tútù àti ìbòòji wà fún adìẹ kí ó tó sọ pé oúnjẹ ni kò dára.

Òpìtàn fèsì pé:

Ẹ ti sọ ti egungun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti eyín. Àwọn àgbà wa ní adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ́pẹ́ mì, ó ní òun kò léyín. Ìdérègbè tí ó léyín, ṣé irin ni ó ń gbé mì? Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wo adìẹ dáadáa. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ó ń gbé mì ni eyín rẹ̀. Inú iwe ni wọ́n máa ń wà, iwe sì jẹ́ ẹran líle tí ó ń fún, tí ó sì ń tú, tí ó ń fi òkúta wọ̀nyí lọ ọkà títí yóò fi kúnná. Bí òkúta bá ti yọ́ tán, adìẹ yóò tún wá òmíràn ṣà. Ìdí nìyẹn tí adìẹ tí wọ́n sé mọ́lé tí wọ́n sì ń fún ní odidi ọkà fi nílò òkúta wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń jẹ oúnjẹ lílọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Onílé Ìdáná béèrè pé:

Ẹ bá mi dá sí àríyànjiyàn kan. Ẹni kan tẹnu mọ́ ọn fún mi pé ẹyin aláwọ̀ ilẹ̀ ṣara lóore ju funfun lọ, àti pé ẹyin tí pupa rẹ̀ bá pọ́n dòdò ni ó dára jù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Alágbébọ̀ fèsì pé:

Àwọ̀ èèpo kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìran adìẹ ni ó ń pinnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn adìẹ kan wà tí ẹyin wọn dúdú bí aró fífẹ́lẹ́. Ti pupa inú ẹyin, oúnjẹ ni ó ń fà á: àgbàdo pupa, ewé tútù, ata àti òdòdó máa ń mú kí ó pọ́n, àgbàdo funfun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí adìẹ jẹ ni àwọ̀ náà ń sọ fún wa, kò sọ fún wa pé ẹyin náà lágbára ju èkejì lọ.

Dókítà Ẹranko fi kún un pé:

Ohun ìyanu kan wà nínú ti ẹyin aláró yẹn. Ní ọdún 2013, wọ́n ṣàwárí pé kòkòrò àìfojúrí kan ni ó wọ inú àbùdá àwọn baba ńlá adìẹ wọ̀nyí, tí ó sì jókòó síbẹ̀ láti ìran dé ìran, òun ni ó sọ èèpo ẹyin wọn di aláró. Ní ilẹ̀ Ṣáínà àti ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Òpìtàn fèsì pé:

Atọpinpin béèrè irú ohun mìíràn tí wọ́n rí tí wọ́n sì túmọ̀ sí ibòmíràn. Nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ nípa adìẹ àti oúnjẹ, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni ó tóbi jù lójú mi, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn púpọ̀ ni ó ti ara rẹ̀ là.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àìsàn beriberi ń pa àwọn ọmọ ogun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní erékùṣù Java, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Nẹ́dálándì nígbà náà. Ẹsẹ̀ aláìsàn yóò kú tipiri, ọkàn rẹ̀ yóò sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, ọ̀pọ̀ dókítà sì gbà pé kòkòrò ni ó wà nídìí rẹ̀. Christiaan Eijkman, dókítà ará Nẹ́dálándì, ń sin adìẹ ní ilé ìwádìí rẹ̀ kí ó lè fi wá kòkòrò náà. Lọ́jọ́ kan ni àwọn adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wọn ń yẹ̀ lábẹ́ wọn, ọrùn wọn ń wọ́, àti àwọn tí ó fi àìsàn sí lára àti àwọn tí kò fi nǹkan kan sí lára. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ara gbogbo wọn tún yá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún wọn lóògùn.

Nígbà tí ó wádìí, ó rí i pé ìrẹsì funfun tí ó ṣẹ́kù ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn ológun ni wọ́n ti ń fún àwọn adìẹ náà. Nígbà tí alásè tuntun dé, ó ní òun kò ní í fi ìrẹsì ológun bọ́ adìẹ tí kì í ṣe ti ológun, ni wọ́n bá padà sí ìrẹsì tí wọn kò bó èèpo inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kòbákùngbé láàárín alásè àti olùtọ́jú adìẹ ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Eijkman fi ìrẹsì méjèèjì dán an wò léraléra, èsì kan náà ni ó ń rí. Síbẹ̀, ó rò pé májèlé ni ó wà nínú ìrẹsì funfun tí èèpo sì ń pa á. Ẹni tí ó ń jẹ́ Adolphe Vorderman lọ káàkiri àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Java, ó rí i pé ibi tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì funfun ni àìsàn náà ti ń jà jù. Ní ọdún 1901 ni Gerrit Grijns, dókítà tí ó gba iṣẹ́ ìwádìí náà lọ́wọ́ Eijkman, sọ ọ́ gbangba pé kò sí májèlé kankan, pé ohun kan tí ara nílò ni ó bá èèpo lọ. Ní ọdún 1926, wọ́n yọ ohun náà jáde kúrò lára èèpo ìrẹsì, òun ni a ń pè ní fítámì B1 lónìí, Eijkman sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929.

Títí di ìgbà náà, ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá nídìí àìsàn ni ohun búburú tí ó wọ inú ara. Adìẹ ni ó fi hàn wọ́n pé àìsí ohun rere náà lè pa ènìyàn.

Dókítà Ẹranko fèsì pé:

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì mọ síbẹ̀. Ní Dẹ́nmáàkì, Henrik Dam ń fún àwọn ọmọ adìẹ ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà sábẹ́ awọ ara wọn, kò sì tètè dì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ nípa fítámì K, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1943 pẹ̀lú ẹlòmíràn. Peyton Rous fi hàn ní ọdún 1911 pé kòkòrò àìfojúrí lè fa jẹjẹrẹ nínú adìẹ, ṣùgbọ́n ọdún 1966 ni wọ́n tó fún un ní Nobel, lẹ́yìn ọdún 55.

Ìtàn olùwádìí kan tí ń jẹ́ Bruce Glick náà ń bẹ. Ó yọ àpò kékeré kan tí ó wà nítòsí ìdí kúrò lára àwọn ọmọ adìẹ, ó fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ó yá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lo àwọn adìẹ wọ̀nyí láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ara ṣe ń pèsè ohun ìjà sí àìsàn, ara wọn kò sì pèsè ohunkóhun. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ńlá kan kò gba àkọsílẹ̀ wọn, ìwé àwọn onímọ̀ nípa adìẹ ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1956. Lórí iṣẹ́ yẹn ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ wa nípa bí ara ènìyàn ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀ dúró lé.

Onílé Ìdáná fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin onímọ̀, adìẹ bróílà òde òní ń kọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti tóbi bí nǹkan míì. Họ́mónù ni wọ́n ń gún wọn, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa.

Ìyá Alágbébọ̀ fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, mo lòdì sí èyí. Kò sí ẹni tí ó lè dúró máa gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìẹ lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ìran tí wọ́n ṣà ni. Àwọn olùwádìí ní Alberta, ní Kánádà, tọ́jú ìran adìẹ ti ọdún 1957 àti ti 1978 láìyí wọn padà, wọ́n wá sin wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ìran ọdún 2005, wọ́n fún gbogbo wọn ní oúnjẹ kan náà. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 56, ti 1957 wọn gíráàmù 905, ti 1978 wọn 1,808, ti 2005 sì wọn 4,202. Oúnjẹ kan náà, ilé kan náà, kò sí họ́mónù.

Dókítà Ẹranko fèsì pé:

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí a má fi ìyẹn sọ pé kò sí ìṣòro. Ẹran àyà tí ó ń yára tóbi bẹ́ẹ̀ máa ń ni egungun àti ọkàn lára. Àwọn míì kì í lè rìn dáadáa kí wọ́n tó pé ọjọ́ pípa, omi sì máa ń gba inú àwọn míì nítorí pé ọkàn wọn kò lè gbé ẹrù náà. Ó yẹ kí ẹni tí ó bìkítà nípa ẹranko gbájú mọ́ èyí dípò ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ní ti adùn tí àwọn ènìyàn ń wá nínú ẹran adìẹ àtijọ́, ọjọ́ orí ni ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀: adìẹ tí ó ti rìn, tí ó ti dàgbà, ẹran rẹ̀ a máa le, ọbẹ̀ rẹ̀ a sì máa ta sánsán.

Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé:

Kí adìẹ tó di ti ilé, ẹyẹ wo ni?

Òpìtàn fèsì pé:

Adìẹ igbó pupa ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni. Ó ṣì wà nínú igbó níbẹ̀ títí di òní, ẹyin bíi 10 sí 15 ni ó sì ń yé lọ́dún, nígbà tí adìẹ ayéyin òde òní ń yé tó 300. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí kéde pé egungun adìẹ ilé tí ó pẹ́ jù tí kò sí iyèméjì nípa rẹ̀ wá láti Ban Non Wat ní Táílándì, láàárín ọdún 1650 sí 1250 kí wọ́n tó bí Jésù. Àbá wọn ni pé ìrẹsì àti ọkà bàbà wẹ́wẹ́ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ni ó fa ẹyẹ náà jáde kúrò nínú igbó wá sí ẹ̀bá ilé. Mo fara mọ́ ọn, nítorí pé adìẹ kì í jìnnà sí ibi tí ọkà bá ti dà sílẹ̀.

Atọpinpin béèrè pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ní ìbéèrè kan sí i nípa pípa ẹyin. Mo kà á pé àwọn ará Íjíbítì ti ń fi ààrò pa ẹyin láti ayé àtijọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n ooru nígbà tí kò sí ohun èlò?

Òpìtàn fèsì pé:

Ara ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Aristotle, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìsì àtijọ́, ti mẹ́nu ba bí wọ́n ṣe ń bo ẹyin mọ́ inú ìgbẹ́ ẹran ní Íjíbítì kí ó lè pa. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń kọ́ ààrò alámọ̀ ńlá tí ó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin. Òṣìṣẹ́ yóò mú ẹyin kan, yóò gbé e lé ìpéǹpéjú rẹ̀, níbi tí awọ ara ti fẹ́lẹ́ jù, yóò sì mọ̀ bóyá kí òun fi iná kún un tàbí kí òun ṣí ihò òkè. Ìwọ̀n tí wọ́n ń wá kò ju nǹkan bíi 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ooru ara ènìyàn dọ́gba.

Aristotle yìí kan náà ni ó ń fọ́ ẹyin tí adìẹ ń sàba lé, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la, kí ó lè rí bí ọmọ ṣe ń dá nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ní ọjọ́ kẹta, ọkàn ti hàn bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré tí ó ń lù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di òní fún ẹni tí ó bá fi iná yẹ ẹyin wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé:

Ìdí wo ni àgbébọ̀ fi máa ń yí ẹyin rẹ̀? Bí ọmọ bá sì ti jáde tán, ṣé kí a fún un ní oúnjẹ lójú ẹsẹ̀?

Ìyá Alágbébọ̀ fèsì pé:

Bí kò bá yí i, ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ awọ fẹ́lẹ́ abẹ́ èèpo, yóò sì kú síbẹ̀. Ẹ yí i lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ títí di ọjọ́ 18, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ 21 yóò fi pé, nítorí pé ọmọ ti ń wá ọ̀nà àbáyọ nígbà náà. Lákòókò yìí, ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú èèpo, ìyá rẹ̀ náà yóò sì máa dá a lóhùn.

Kò sí ìkánjú nípa oúnjẹ. Kí ọmọ tó jáde ni ó ti fa èyí tí ó ṣẹ́kù nínú pupa ẹyin wọ inú ikùn ara rẹ̀, ìyẹn sì lè gbé e dé ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ìdí nìyẹn tí àgbébọ̀ fi lè jókòó lórí àwọn tí kò tíì pa láìjẹ́ pé ebi pa àwọn tí ó ti jáde. Ṣùgbọ́n bí ara wọn bá ti gbẹ tán, ẹ gbé omi sí tòsí wọn, ẹ ti ẹnu ọ̀kan tàbí méjì bọ̀ ọ́ díẹ̀, àwọn yòókù yóò wò wọ́n kọ́ ọ.